Etí Aṣọ

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun sì ń kùn mí nínú ọ́fíìsì mi, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ní Port Harcourt. Mo ń ka iṣẹ́ tí mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: kí kálukú fi èdè Òyìnbó kọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan nílé wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ń gbé mi lọ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Okrika. Gbogbo bàbá ni akíkanjú, gbogbo ìyá ni òpómúléró, kò sì sẹ́ni tó ń làágùn nínú wọn. Ẹ̀rọ orí fóònù ló bá wọn kọ ọ́, mo mọ̀.

Inú bí mi. Èyí tó dán jù nínú wọn ni mo fún ní òdo, mo sì ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin tó ni ín. Bí òdo yẹn bá dúró, á tún ọdún náà kà ni.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ààbọ̀, bíi tàwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí. Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ránṣọ ní àdúgbò Rumuokwuta.

“Kí ni bàbá ẹ máa ń ṣe gan-an ní ṣọ́ọ̀bù?” mo bi í.

“Mà, wọ́n máa ń ṣẹ́ etí aṣọ. Wọ́n ní if you no fold etí yẹn well, aṣọ ò ní gbọ́ràn. Sometimes sef wọ́n máa fa etí ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa tèmi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà díẹ̀ n kò rí ọ́fíìsì mọ́. Aṣọ lóríṣiríṣi ni mo ń rí, tí wọ́n so rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wọn tẹ́tí sí òjò.

“Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ báyìí?”

Ó wolẹ̀. “Mo kọ ọ́, mà. Last year. Mo kọ ‘ear of the cloth’. Ẹ̀yin lẹ fi bírò pupa fagi lé e, ẹ kọ ‘hem’ sórí ẹ̀. From that day, fóònù ni mo máa ń ní kó bá mi kọ ọ́, make mistake no dey.”

Ojú tì mí gan-an. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ tí mo bá fún wọn, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ sọ ọ́, inú kíláàsì ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo kàn fa ìwé tí mo kọ òdo yẹn sí ya, mo fún un ní pépà, mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ó kọ ìlà kan, ó dúró, ó fọwọ́ bò ó.

“Mà,” ó ní, “ṣé ẹ ò ní bínú?”