Ìyàwó Oníyàwó Lórí Pẹpẹ

Ẹ má bá mi sọ pé kọ̀ǹpútà mọ gbogbo nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Thoa ni mo ti ń ta tíì ní àdúgbò wa ní Hanoi, ohun tí mo sọ, ojú mi ló rí i. Iṣẹ́ Thoa ni kó máa fi lẹ́búlẹ́bú èédú ya àwọn tó ti kú, kí àwọn ọmọ wọn lè gbé wọn sórí pẹpẹ ilé, kí wọ́n máa sun tùràrí fún wọn. Bẹ́ ẹ bá bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n yà, á ní, "Ta ló tún kù lẹ́yìn mi?" Kò sì parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Khiem gbé àwòrán màmá rẹ̀ nínú fírémù wọlé, bàbá rẹ̀, Bàbá Lam, tẹ̀ lé e.

"Àǹtí Thoa, ẹ gbà mí o. Ọ̀la ló pé ọdún kan tí màmá wa kú. Bàbá ní àwọn ò ní sun tùràrí."

"Fún ta ni?" Bàbá Lam jágbe. "Èmi ò ní sun tùràrí fún ìyàwó oníyàwó!"

Mo tètè bu tíì fún bàbá kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni ìyá náà fi sílẹ̀, òǹtẹ̀ sì ti bo irun òkè ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ṣe àwòrán inú fírémù náà ló wá fi irun òkè ojú ọmọge sí i, tín-ín-rín, dọ́gbadọ́gba. Ìyá arúgbó! Mo bú sẹ́rìn-ín.

Thoa bẹ̀rẹ̀ àwòrán tuntun. Kò fa ìlà kankan fún irun òkè ojú. Ó ní ẹni tó bá fa ìlà, okùn bàtà ló yà. Ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì pa òjìji awọ ara fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá ń gbin irun lé e lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ẹ̀gbẹ́ imú nàró, ti àárín sùn, ti ìparí tẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó parí.

Bàbá Lam wò ó, ó mi orí. "Ó jọ ọ́. Àmọ́ òun kọ́."

Khiem fọwọ́ lérí. Inú bí mi. "Ẹ̀yin bàbá yìí náà le o! Ṣé ẹ fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Thoa wí. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá mutí wálé, kí ni Ìyá máa ń sọ?"

"Sọ kẹ̀? Kì í sọ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń wò mí nìyí." Ó gbé irun òkè ojú òsì sókè, ó wò wá látòkè délẹ̀. Ojú tì mí, àfi bíi pé èmi ni mo mutí.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!" Thoa ké. Ó pa ti òsì rẹ́, ó tún un gbìn, ó gbé e sókè díẹ̀. Ló bá gbé àwòrán náà dúró.

Bàbá Lam sún mọ́ ọn. Ó wá rọra ṣí fìlà.

"Ìyá Khiem, mi ò mutí o. Tíì ni. Bi ìyá oní-tíì yìí wò."

"Tíì ni, Ìyá," mo ní. "Èmi ni mo bù ú."

Omijé ti bo ojú bàbá. "Khiem, tùràrí dà?" ó ní. "Ọ̀la ti jìnnà jù."