Hàlímọ̀ àti Igi Làálì Tí Wọ́n Gé

Kò sí ọwọ́ tó mọ làálì í kùn bíi ti Hàlímọ̀ ní gbogbo Ìgbó-Ọrà, èmi Àkànó ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò jókòó níwájú tíṣà kankan rí, ara àpò sìmẹ́ńtì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Òdòdó tí Hàlímọ̀ bá yà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó, oyin ti bà lé e lójú mi.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Fàtáì ló ti ń já ewé. Arúgbó ẹgbẹ́ mi ni Ìyá Fàtáì, ilé rẹ̀ ló kángun sí ti Hàlímọ̀. Igi làálì kan ṣoṣo tó ní kò ga ju èèyàn lọ, àmọ́ bó bá tanná, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti Ìdèrè. Ewé rẹ̀ ló fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́rí àti ẹsẹ̀ tó là fún àwọn èèyàn, ìyẹn ló sì fi ń jẹun. Ọ̀fẹ́ ló ń jẹ́ kí Hàlímọ̀ já tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Màrdíyyàh, tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀rúwà, ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Áfáà ti jókòó kó tó dé. Làálì gidi ò sì mọ ìkánjú: wọ́n á fi sára, wọ́n á fi ọ̀rá dì í, á pẹ́ dáadáa kó tó mú. Àbúrò ìyá ìyàwó wá dúró lé Hàlímọ̀ lórí.

"Ìyá Onílàálì, àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó wa gbó sílé bàbá rẹ̀ ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Hàlímọ̀. Ló bá yà sí kọ̀rọ̀, ó po dáì tí àwọn àgbà fi ń pa ewú mọ́ làálì inú abọ́. Kíá ni ọwọ́ ìyàwó dúdú minimini, wọ́n sì ń yìn ín.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọwọ́ Màrdíyyàh lé ròrò, awọ rẹ̀ ń bó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ewé ló fà á, pé arúgbó yẹn ti da nǹkan sídìí igi. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó fi gbé àdá dé. Ìyá Fàtáì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun gún ewé náà fi ra ara òun lójú wọn. Wọn ò gbọ́. Ojú fèrèsé ni Hàlímọ̀ dúró sí tí igi fi wó.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ wá fún Ìyá Fàtáì mọ́. Hàlímọ̀ wá ń gbálẹ̀ fún un, ó ń pọnmi fún un. Arúgbó á máa ṣàdúà pé Ọlọ́hun á fi ẹni tó máa tọ́jú Hàlímọ̀ náà jíǹkí rẹ̀. Àdúà yẹn ló ń dá a lóró jù. Ó rù débi pé atẹ́gùn fẹ́ẹ́ gbé e lọ lọ́jọ́ kan, èmi ni mo dì í mú.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ ní yàrá arúgbó.

"Ìyá Fàtáì, igi yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo po dáì mọ́ làálì."

Arúgbó fi etí ìró nu ojú.

"Inú yàrá lo ti ń sọ fún mi, Hàlímọ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti gé igi mi."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Hàlímọ̀ gún ewé tuntun tó rú lára kùkùté náà. Ó dá àwọn obìnrin tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ dúró, ó sọ ohun tó ṣe fún wọn, ìyá ọkọ Màrdíyyàh sì wà láàárín wọn. Ó wá ní kí Ìyá Fàtáì fi làálì náà sí òun lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n jókòó tì í títí tó fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ṣàn án, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, kò lé. Ìyá ọkọ bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó là sí Ìyá Fàtáì.

Ìyàwó kankan ò pe Hàlímọ̀ mọ́. Gàrí ló ń tà báyìí lọ́jà Lanlate. Òun ló ń bomi rin igi náà, ó sì ti ga dé èjìká rẹ̀. Àmọ́ bí Màrdíyyàh bá ń kọjá, tó ki ọwọ́ rẹ̀ tó lápàá bọ inú híjáàbù nínú ooru, Hàlímọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi, á máa tu koríko níbi tí koríko ò sí.