Àyè Tí Ó Fi Sílẹ̀ fún Ègbè

Èmi ni mo pa ìyá náà lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá fi í sẹ́yìn, mo lè yí ìtàn náà po títí yóò fi dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Ìsọlọ̀ ni mo ń gbé nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àsìkò owó epo rọ̀bì ni. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá ti ra mọ́tò, àwọn katakata ń hú ilẹ̀ láti Òṣòdì bọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń la títì márosẹ̀, eruku pupa ò sì jẹ́ kí aṣọ funfun wa funfun mọ́. Èmi náà ò kẹ́rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, mo ra rédíógíráàmù ńlá kan tó gba ìdajì pálọ̀ mi. Àwo orin mẹ́ta péré ni mo ní tí mo lè fi sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé mi yóò kọ́kọ́ rí i kó tó rí mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe kékeré padà dé láti Lọ́ndọ̀nù. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló fi owó abọ́ àti ife tánganran tó ń tà lọ́jà Òṣòdì rán an lọ kó lọ kọ́ṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Ọdún meje lọ́mọ fi wà níbẹ̀. Nígbà tó dé, gítà ló gbé bọ̀. Kì í ṣe irú gítà tí àwọn oníjùjú ń so mọ́ iná mànàmáná o. Gítà onígi lásán ni, tí èèyàn máa jókòó tì jẹ́ẹ́, tí á gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, tí á sì máa fi èékánná ta okùn rẹ̀. Ó ní òun ti fi ilẹ̀ wíwọ̀n sílẹ̀ láti ọdún kejì, pé orin lòun ń kọ sínú ìwé báyìí, orin tí ẹnì kan ṣoṣo ń ta tí gbogbo ilé á fi dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé alágbe lo wá dà?" Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ gítà mọ́. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń dá a lóhùn bó bá kí i, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti na ọwọ́ sí gítà báyìí, ìyá á dìde lọ sẹ́yìnkùlé. N ò dá a lẹ́bi. Lásìkò tí iṣẹ́ ń wá ẹni tó kàwé wálé, ta ni yóò rán ọmọ lọ òkè òkun kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta okùn?

Ohun kan ni ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ti ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní gítà, wọ́n sì ń retí èsì rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ó ní, "Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Kí Màmá gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá rí i pé ó wọ̀ wọ́n lára, mi ò lọ mọ́. Mà á wá iṣẹ́ tíṣà bíi tìẹ, mà á máa ta gítà mi nírọ̀lẹ́. Bí kò bá sì wọ̀ wọ́n lára, kí ni mo ń ṣe níbí?"

Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Mo tọrọ gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mo lọ bẹ ìyá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ló ní, "Ó dáa, nítorí tìẹ ni o."

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ mi dé, mo ti lọ gbọ́ òyìnbó kan tó tẹ dùùrù ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láàárín orin, mo wúkọ́. Obìnrin kan tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó sì wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè títí wọ́n fi ṣe é tán. Mo búra lọ́jọ́ náà pé kò sí ará Ìsọlọ̀ tí yóò dójú tì mí bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ mi. Wàyí o, láàárín àwa Yorùbá, bí ẹnì kan bá ń kọrin tí gbogbo ilé dákẹ́ tí wọn ò gbè é, wọ́n ti sọ fún un pé orin rẹ̀ ò dùn nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà ti gorí ohun tí ìyá mi kọ́ mi.

Nígbà tí àwọn èèyàn jókòó tán lọ́jọ́ Àìkú náà, mo bọ́ síwájú nínú kóòtù tuntun. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, orin tòní kì í ṣe orin àríyá. A kì í gbè é. A kì í sọ̀rọ̀ sí i. A kì í pàtẹ́wọ́ títí olórin á fi dìde. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, kó bọ́ síta." Wọ́n wò mí. Àwọn kan wo ara wọn. Ìyá ọ̀rẹ́ mi jókòó ní bẹ́ǹṣì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kó ọwọ́ lé itan.

Orin kìíní ò tíì dé àárín tí agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó yanrìn fáwọn tó ń la títì fi gbé agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó ti fa owó tuntun yọ, ó fẹ́ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Tíṣà, kí ló dé? Ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa ni." Mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Nínú orin kejì, obìnrin kan lẹ́yìn ní "Hẹn-ẹn" nígbà tí ohùn gítà rọ̀ wálẹ̀, bí a ti ń ṣe bí àgbà bá sọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i. Mo wò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wò mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún mira. Inú mi dùn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ wá wo Ìsọlọ̀, ẹ wá wo ọ̀làjú.

Ọ̀rẹ́ mi ní orin kẹta ń jẹ́ "Ọ̀nà Òṣòdì." Ó ta ohùn kúkúrú kan lórí okùn tó tín-ín-rín, ohùn ọmọdé tó ń pe ènìyàn, ó sì gbé ọwọ́ dúró. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó tún ta á, ó tún dúró. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn fún un níbi tí mo dúró sí létí ògiri, kò jìnnà sí fèrèsé. Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta. Lásìkò yẹn ni bàálù kan ń kọjá lórí ilé, ó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà, páànù gbogbo ń gbọ̀n. Nínú ariwo náà, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:

"A ó délé."

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti tú gèlè rẹ̀ sórí itan, ó di ojú, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí ọjà tó ti ń polówó látọdúnmọ́dún. Bàálù kọjá lọ. Gítà tún pè. Ìyá lanu, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ, "A ó dé—"

Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi ìka lé ètè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́."

Ó la ojú. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì fi gèlè bo ẹnu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó dìde jẹ́jẹ́, ó yọ bàtà rẹ̀ kí ó má baà dún, ó sì jáde. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè lórí gítà lásìkò yẹn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló rí. Ó ta orin náà dópin. Ó ń pè, ó ń dúró, ó ń pè, ó ń dúró, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tó dìde.

Bàbá arúgbó kan tó ń ta pákó ní ọ̀nà Èjìgbò fà mí lápá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, orin ọmọ yẹn dùn. Àmọ́ ẹ gbé oúnjẹ síwájú wa, ẹ ní ká má lanu." Mo rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀wé.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń fi aṣọ nu okùn gítà. Ó ní, "Mo rí i pé Màmá jáde. Mo rí ọ pé o wà lọ́dọ̀ wọn. O ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìgbà náà ló sọ fún mi. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ á pọ̀n ọ́n láti ọjà Òṣòdì wá sí Ìsọlọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, igbá abọ́ á wà lórí, igbó ló sì wà ní apá ọ̀tún àti òsì nígbà yẹn. Ẹ̀rù á máa bà á. Á ní, "Màmá, ọ̀nà mà jìn o." Ìyá á ní, "A ó délé." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ títí wọn ó fi débẹ̀. Ó ní, "Àyè wọn ni mo fi sílẹ̀ nínú orin yẹn. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo rò pé wọ́n á gbè mí."

Kí ló ṣòro nínú kí n sọ pé, "Wọ́n gbè ọ́, èmi ni mo dá wọn dúró"? N ò sọ ọ́. Mo ní ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ìsọ̀ ìyá náà láti lọ bẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ó ní, "Tíṣà, má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í dáhùn. Ó ń pè mí ni. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń pè mí?" Ó nu abọ́ kan tí kò dọ̀tí. "Jọ̀ọ́, má sọ fún un pé èmi ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Jẹ́ kó rò pé orí ń fọ́ mi."

Mo ṣèlérí fún un. Kí n má parọ́, inú mi dùn láti ṣèlérí náà. Mo fi bo ìtìjú ara mi, mo sì ń pè é ní àṣírí àgbà.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè náà pé òun ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, àwa mẹ́ta la jọ gba ọ̀nà Apákun lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ìyá gbé e dìde, ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì lanu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, bí ẹni ń gba àṣẹ. Mo wo ilẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ọdún kẹta ni àwo orin kan dé sí mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ṣókí. Mo ní kí ìyá wá sílé mi. Ó jókòó síwájú rédíógíráàmù mi, ó tú gèlè lé itan. "Ọ̀nà Òṣòdì" bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọdé náà pè. Ìyá lanu, ṣùgbọ́n gítà kò dúró dè é. Àwọn okùn tó nípọn ti gba ibẹ̀, wọ́n ń ró gììrì gììrì. Ó tún gbìyànjú nígbà kejì, ohùn òun àti ti gítà forí gbárí.

Ó ní, "Kò fún mi láyè mọ́."

Ohun tí lẹ́tà náà sọ gan-an nìyẹn: ó ní òun ti dí àwọn àyè yẹn, pé ó sú òun láti máa jókòó síwájú àwọn èèyàn kí òun máa retí ẹni tí kò fẹ́ wá. N ò kà á fún ìyá. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Màmá, àyè yín ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó ní, "O ò mọ̀ pé ó ń pè mí ni." Ó wé gèlè rẹ̀, ó sì ní kí n sin òun dé ìta.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àwo náà. Títí di òní, kò dá mi lóhùn.