Ọkọ̀ Tó Borí Bàbá Fáwùmí

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Fáwùmí, mẹkáníìkì ọ̀nà Ìdèrè ní Igbó-Ọrà, ni ti Akínyẹlé tó ń sin adìẹ tà. Jíìpù Akínyẹlé, dísù ló ń mu, ó sì ti ń húkọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó wà á dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ìyàwó rẹ̀ Rùkáyyàh jókòó síwájú, Akínyẹlé ní òun ò rọ nǹkan kan sí i bí kò ṣe dísù gidi. Bàbá ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa sípánà ńlá kan yọ lápò, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó nà án sí ọkùnrin náà.

"Ẹ fẹnu kàn án."

"Kí n fẹnu kan sípánà ṣe kí ni, Bàbá?"

"Irin ni. Ẹ fẹnu kàn án, kí ẹ wá tún ohun tí ẹ wí yẹn wí."

Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ ohun tí irin ń fi ojú ẹni tó bá fi í búra èké rí. Akínyẹlé tẹrí wálẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó ní ó jọ pé àwọn da kẹrosíìnì díẹ̀ mọ́ dísù ọ̀hún. Bàbá ò gbé sípánà kúrò. Akínyẹlé tún sún mọ́ ọn, ó tún dúró, ó ní kẹ̀ẹ̀gì tí òun fi rà á, omi ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ fi máa ku ìka kan kó kan irin, ó ti jẹ́wọ́ kẹrosíìnì, ó ti jẹ́wọ́ omi, ó sì ti jẹ́wọ́ ìyàwó kan ní Lánlátẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè.

Rùkáyyàh rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. "Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé sípánà yẹn kúrò."

Ọjọ́ kan ni Bàbá fi tún jíìpù náà ṣe. Ilé Akínyẹlé gba oṣù mẹ́ta.

Akínladé lorúkọ tí wọ́n sọ Bàbá Fáwùmí, ìdílé ológùn-ún ni wọ́n sì ti bí i, tí wọ́n ti ń fi irin jẹun kí mọ́tò tó dé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ọkọ̀ kì í purọ́, ẹni tó ń wà á ló ń purọ́. Ìgbéraga rẹ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ: láti ogójì ọdún, kò sí ọkọ̀ tó borí òun rí. Ó máa ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, ó máa ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Ó sọ ọ́ fún dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ náà sì ga sí i.

Ayọ̀kúnmi, mẹkáníìkì kan ní Èrúwà tó kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, gbé ẹ̀rọ kan wá fi hàn án lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ náà tó bí fóònù ńlá. Bí wọ́n bá ti kì í bọ ara ọkọ̀, á máa ka àìsàn ọkọ̀ sójú.

"Ó ní àìsàn mẹ́rin ló ń ṣe é, Bàbá."

"Ṣé ó ti bi ẹni tó ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Kì í bèèrè ọ̀rọ̀."

"Kò burú." Bàbá na sípánà. "Jẹ́ kó fẹnu kàn án."

Ayọ̀kúnmi yí ẹ̀rọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, kó tó yé e pé bàbá àgbà ń fi òun ṣeré.

Bí àwọn méjèèjì ṣe wà nìyí títí Màmá Ṣèyí fi gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé.

Tinúkẹ́ Adérógbà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Ṣèyí ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, òun ló kọ́ Fáwùmí ọmọ Bàbá ní ìwé kíkà. Ṣèyífúnmi ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ra ọkọ̀ náà fún un, ọkọ̀ dísù tuntun ti ìgbàlódé, kí ìyá òun má baà máa fún ara mọ́ inú bọ́ọ̀sì lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà dára lójú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí iná ọsàn kan tàn níwájú dírẹ́bà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Bó ti wù kí Màmá tẹná mọ́ ọn tó, alùpùpù tó gbé ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́ta ń yà á kọjá.

"Ibo lẹ máa ń wà á dé?" Bàbá Fáwùmí bi í.

"Ìbàdàn ni. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tó gba ọkọ̀ náà ni tírélà kan fẹ́ẹ̀ yà lù ú lẹ́yìn Èrúwà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti rántí ọ̀nà Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé ọkọ̀ pamọ́ sí, á wá lọ wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì. Bí Ṣèyífúnmi bá sì pè é lálẹ́ tó bi í pé ṣé ọkọ̀ lẹ gbé lọ, á ní ọkọ̀ ni. Inú ọmọ náà dùn sí ọkọ̀ ọ̀hún débi pé Màmá ò fẹ́ já a kulẹ̀.

Bàbá ti fa sípánà yọ. Màmá fà sẹ́yìn. "Kírísítẹ́nì ni mí o, Bàbá Fáwùmí. Bíbélì ni mo fi ń búra."

Bàbá kọ́kọ́ bẹ orí wọ inú ọkọ̀, ó wo iwájú dírẹ́bà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti sípánà bọ àpò padà. "Ẹnu tíṣà tó mi," ó ní. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó pààrọ̀ fíltà epo, iná ọsàn kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún tàn. Ó tú sálẹ́ńsà, ó fọ̀ ọ́ mọ́. Ó tún tàn. Ayọ̀kúnmi ti ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ní èéfín ló dí sálẹ́ńsà. Ayọ̀kúnmi ṣàlàyé pé àwọn ọkọ̀ dísù tuntun ní àpótí kan nínú sálẹ́ńsà tó ń gba èéfín dúdú mọ́ra. Bí ọkọ̀ bá sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ, àpótí náà á gbóná, á jó èéfín yẹn dànù. Bó bá ń rìn láti ilé dé ọjà nìkan, á dí.

"Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ti Màmá ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," Ayọ̀kúnmi ní, ó ń họ orí. "Kò yẹ kó dí."

Màmá Ṣèyí wo ilẹ̀. Bàbá Fáwùmí wo òkè.

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é," Bàbá sọ níkẹyìn. "Ọkọ̀ yìí borí mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé Ìdèrè kó tó di ọ̀sán. Àwọn tó ti fẹnu kan sípánà rí, tí ojú sì tì, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Bí Bàbá bá kọjá, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ Màmá ńkọ́ o?" Bàbá á kàn gbọ́wọ́ sókè.

Ó wá sọ fún Màmá pé ó ku ọgbọ́n kan. Etí òun ti darúgbó, òun ò lè gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà àfi tó bá ń sáré. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí Màmá máa wà á, kí òun jókòó tì í, kí òun máa fetí sílẹ̀. Màmá ò mọ bó ṣe máa kọ̀. Ẹni tó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló fẹ́ wí?

Wọn ò tíì kúrò ní Igbó-Ọrà tí Bàbá na ìjókòó sẹ́yìn, tó pa ojú dé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Màmá ń wà á lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Bó bá ti rí ọkọ̀ ńlá níwájú tó dẹwọ́ eré, ìhanrun á dúró.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ o," Bàbá á wí, láìlajú.

Màmá á tẹná mọ́ ọkọ̀, ìhanrun á sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Lánlátẹ̀ ni wọ́n dé. Lọ́jọ́ kejì, Èrúwà. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n dé Ẹlẹ́yẹlé, ẹ̀gbọ́n Màmá sì rọra gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì láti wo ọkọ̀ tí àbúrò rẹ̀ wà wá lójú fèrèsé. Iná ọsàn ò tàn mọ́ fún odidi ọdún kan. Bí wọ́n bá bi Bàbá pé kí ló rí nínú ọkọ̀ náà, á ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Oorun ni mo rí sùn."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, oorun náà ló sùn tí kò jí mọ́. Màmá Ṣèyí sunkún rẹ̀ bí ẹni tó pàdánù ẹ̀gbọ́n. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà sínú bọ́ọ̀sì, kò sì pẹ́ tí iná ọsàn fi tún tàn.

Ó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Fáwùmí ló bá níbẹ̀, ó ń kó ẹrù bàbá rẹ̀ jọ.

"Ẹ wá wo nǹkan kan, Màmá," Fáwùmí ní. "Ó ti ń ṣe mí bíi kí n fi hàn yín, ojú ló ń tì mí."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá máa ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ sí. Orúkọ Màmá wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà níwájú dírẹ́bà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó gbé ọkọ̀ wá. Lábẹ́ rẹ̀, Bàbá kọ ọ́ pé: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kìlómítà mọ́kànlélógójì. Kò dé Ìbàdàn. Ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà wọ́n. Má bi wọ́n."

Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yé e pé ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ níwájú òun ti gbé irọ́ Màmá pọ̀n, ó sì jẹ́ kí gbogbo ìlú fi òun rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà fi tíṣà àgbà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí táyà ògbólógbòó kan.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, àwọn mẹkáníìkì Ìbàràpá péjọ sí ṣọ́ọ̀bù láti rántí rẹ̀. Wọ́n sọ ti Akínyẹlé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayọ̀kúnmi sọ ti ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló borí rẹ̀ láyé."

Màmá Ṣèyí dìde. "Fáwùmí, gbé sípánà yẹn wá."

Wọ́n ń wojú ara wọn, wọ́n mọ̀ pé ìyá ìjọ ni. Màmá gba irin náà, ó fẹnu kàn án. Ó rùn fún gírísì.

"Kò sí ọkọ̀ tó borí rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo purọ́ fún un. Mi ò tíì wà á dé Ìbàdàn rí nígbà yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì bò mí láṣìírí. Ẹ lọ tún un sọ níbi tí ẹ ti sọ tàkọ́kọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ayọ̀kúnmi ṣí fìlà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Màmá nìkan ló wọ ọkọ̀. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì nà sẹ́yìn bí Bàbá ṣe nà án, kò gbé e dìde. Sípánà ló wà lórí rẹ̀, Fáwùmí ló ní kó máa mú un lọ. Lẹ́yìn Èrúwà, tírélà kan yọ níwájú. Màmá dẹwọ́ eré, inú ọkọ̀ sì pa rọ́rọ́.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àbí?" ó bi ìjókòó náà.

Ó tẹná mọ́ ọn. Kó tó dé Ìdó, iná ọsàn ti kú.

Ṣèyífúnmi pè é ní kété tó dé Ẹlẹ́yẹlé. "Màmá, ṣé ọkọ̀ lẹ gbé?"

"Ọkọ̀ ni."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti mẹkáníìkì mi ni," Màmá Ṣèyí dáhùn. "Ó ń sùn."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì gbọ̀n.