Ooru Agbada Ìyá Ìyàwó Mi

Ọwọ́ ni ìyá ìyàwó mi fi ń mọ ooru agbada. Ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí ó ti ń yan gàrí láti ìgbà ọmọge rẹ̀, yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè agbada díẹ̀, yóò ní, "Ó tó," tàbí, "Ẹ fa igi kan jáde." Kì í ṣì í.

Ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba lé àwọn olóṣèlú lọ́wọ́ ni epo gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ méjèèjì. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò mọ ooru mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gàrí rẹ̀ kò gbẹ délẹ̀, tí ó sì bu nínú àpò.

"Ìyáálé mi," ni orogún rẹ̀ kékeré wí, "ẹ̀gẹ́ ń dúró de ọ̀bẹ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ẹni tí kò mọ gàrí yan ni wọ́n máa ń ní kó lọ bẹ ẹ̀gẹ́.

Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan l'Ọ́wọ̀ nígbà náà. A ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tẹ́mókọ́pù: wáyà irin oríṣi méjì tí a jó pọ̀ ní ṣóńṣó, tí ó so mọ́ àpótí kékeré kan tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń tọ́ka sí iye ooru. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sì gbé e lọ ní ọjọ́ Sátidé kan.

Mo fi ṣóńṣó wáyà kan agbada òfìfo tó wà lórí iná. Abẹ́rẹ́ náà dúró sí mẹ́rinlélọ́gọ́rin, kò tilẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún tí omi fi ń hó.

"Màmá, kò tíì gbóná."

Ó kán omi sí i. Omi náà ṣe ṣàà, ó gbẹ.

"Àna mi, omi kì í gbẹ báyìí lórí ohun tí kò tíì gbóná. Irin yín ń purọ́."

"Kí tíṣà nà án," ni orogún rẹ̀ wí.

Ojú tì mí díẹ̀. Èmi náà ni mo máa ń sọ ní kíláàsì pé ooru ṣóńṣó ara rẹ̀ nìkan ni wáyà náà mọ̀. Agbada rí gbágungbàgun, wáyà kò fara kàn án dáadáa, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Mo ṣàlàyé èyí fún Màmá.

Ó mú àkísà tí wọ́n fi ń fi epo pupa ra agbada kí gàrí má baà lẹ̀, ó sì ra ojú kan. Ó ní kí n fi wáyà síbẹ̀. Ó mú àfọ́kù igbá tí ó fi ń ro gàrí, ó dà á bo wáyà náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ó ti jókòó báyìí."

A dúró. Ẹni tí ó bá ń lo irú ẹ̀rọ yìí, kí ó má kánjú kà á. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sinmi. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí àádọ́jọ. A tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò yàtọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí orogún rẹ̀ ní agbada tirẹ̀ ti tó ó yan, a wọn ìyẹn náà: àádọ́jọ ni. Màmá kán omi sí i, mo sì ń kà. Omi náà gbẹ kí n tó pe ẹ̀ta. Nígbà tí a fi igi kún iná jù, omi kò tètè gbẹ mọ́, ó ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí a fa igi jáde títí ooru agbada fi dínkù, omi náà kàn jókòó, ó ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi ń gbẹ lórí agbada gbígbóná. Bí ó ṣe gbóná tó ni ojú rẹ̀ ń kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dá ẹ̀rọ padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo tún débẹ̀, ìdí iná ni mo bá a. Ó kán omi, ó ń ka ení, èjì, omi gbẹ, ó sì da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ sí agbada. Orogún rẹ̀ tẹ́ ọwọ́ sókè agbada tirẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí ń ronú.

"Ìyáálé mi," ni ó wí, "ẹ bá mi kán díẹ̀ sí tèmi náà, ẹ wò ó."