Òwúrọ̀ Tí Bàbá Mi Gbé Ìbọn Sílẹ̀

Òórùn òjé yíyọ́ ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Ẹni tí kò bá gbé etí Ship Channel, ipadò tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà, rí lè rò pé òórùn ríìfáínárì ni mò ń wí. Rárá o. Òórùn ríìfáínárì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Imú wa ti gbà á lálejò títí ó fi di ará ilé. Ti òjé yàtọ̀. Ó gbóná, ó gbẹ, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan ṣíbí irin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn àbẹ́là á tẹ̀ lé e, nítorí pé bí òjé bá ti yọ́ tán, bàbá mi á ju àjẹkù àbẹ́là sínú ìkòkò kí ìdọ̀tí lè léfòó. Wọ́n á fi ṣíbí kó ìdọ̀tí náà dà nù, òjé á wá máa dán bí omi tí oòrùn là sí.

Ọta ni bàbá mi ń dà nínú gáréèjì wa. Àwọn tó ń pààrọ̀ táyà lẹ́bàá ilé wa ló ń kó òjé kéékèèké tí a máa ń kàn mọ́ ríìmù fún wọn, nígbà tí ó bá ti gbó. Àbẹ́là ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ló ti ń wá. Bí ìsìn bá ti parí, bàbá mi á fi àpò ike ṣa èyí tó ti jó kù díẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìyá mi kò fara mọ́ ọn rárá.

“Àbẹ́là tí wòlíì fi gbàdúrà fún àwọn àgàn, ẹ wá ń fi se òjé!”

“Ìdí nìyẹn tí ọta mi kì í fi í ṣìnà,” ni bàbá mi á dáhùn.

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ní àgbègbè Ṣakí. Ṣakabùlà ni ìbọn wọn, wọ́n sì ń da ọta rẹ̀ fúnra wọn. Ìwé ló gbé bàbá mi wá sí Houston, ríìfáínárì ló dá wọn dúró, èmi àti ìyá mi sì wá bá wọn nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ṣíìfù fẹ́ràn ìbọn yíyìn, bàbá mi náà sì ra ìbọn ìléwọ́ àlòkù kan, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí bírí bí a bá ti ń yìn ín. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí nígbà náà, ẹ mọ bó ṣe rí. Bàbá ẹlòmíràn ń wo bọ́ọ̀lù, ti ẹlòmíràn ń tún mọ́tò ṣe. Tèmi ń da ọta, mo sì ń fi yangàn nílé ẹ̀kọ́ títí olùkọ́ fi ní kí n dákẹ́.

Bàbá mi kì í kánjú nídìí iṣẹ́ yìí. Kóròfo idẹ ọta tí a ti yìn ni wọ́n máa ń fọ̀, tí wọ́n á tún rọ ẹ̀tù ìbọn sí, kí wọ́n tó ki ọta bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí mo bá ti fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀tù, wọ́n á na ìka sí mi. “Ẹ̀tù ò mojú ẹni tó ni ín,” ni wọ́n máa ń wí. Títí di òní, bí mo bá ń ṣe ohunkóhun tó gba àròjinlẹ̀, n kì í lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Irú ọta méjì ló wà fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, àwọn ará ṣíìfù bàbá mi sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jà títí oúnjẹ á fi tutù. Ọta olójé lásán rọ̀. Ó ń yọ̀ lọ nínú ọ̀fun ìbọn, ẹ̀tù díẹ̀ ló sì nílò. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, òjé á lẹ̀ mọ́ ọ̀fun ìbọn, èèyàn á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọta oníbàbà, òjé náà ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ bàbà ni a fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó mọ́ lọ́wọ́, ó le koko, ilé ìtajà ni èèyàn sì ti ń rà á. Lójú bàbá mi, ọta rírà dà bí ọbẹ̀ rírà. Ó lè dùn lóòótọ́, àmọ́ ta ló sè é?

Ọdún tí ìyá mi lóyún Mojí, àbúrò mi, ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Wọn ò wọlé.

“Bàbá Dàpọ̀, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ òjé yìí.”

“Òjé ṣe kí ni?”

“Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Ọmọ inú ló tètè ń bá jà. Aṣọ tí ẹ wọ̀ sídìí iná yẹn, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́.”

“Bàbá mi yọ́ òjé títí wọ́n fi kú, ọmọ rẹpẹtẹ ni wọ́n bí.”

“Mélòó ló yè nínú wọn?”

Mo ń retí kí bàbá mi fi àwàdà dáhùn, bí ìṣe wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa iná abẹ́ ìkòkò. Nígbà tí òjé dì, wọ́n gbé ìkòkò àti mọ́ódù tí wọ́n fi ń da ọta sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ kó wọn fún Róyì, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ilé rẹ̀ kò lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fi omi fọ gbogbo ilẹ̀ gáréèjì. Báyìí ni ọta oníbàbà ṣe wọ ilé wa.

Ìdíje kan kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ríìfáínárì máa ń pàdé ní pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn tó bá yìnbọn dáadáa jù ló máa wọ ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ wọn fi ń bá àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tó wà létí Channel figagbága. Bàbá mi fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí ju bí wọ́n ṣe fẹ́ owó lọ. Níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ẹnìkan á ní kí wọ́n tún un sọ, ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín sí bí wọ́n ṣe pe ọ̀rọ̀. “Àmì ojú pátákó kì í béèrè ibi tí èèyàn ti wá,” ni wọ́n sọ fún ìyá mi.

Wọ́n gbé ọta olójé kan tó ṣẹ́kù àti ọta oníbàbà kan sórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n wọn dọ́gba. Nítorí náà, ẹ̀tù tí wọ́n máa ń rọ sí ti tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n rọ sí tuntun. Iṣẹ́ àṣekún pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn ò ráyè lọ dán wọn wò.

Ní pápá, Róyì kọ́kọ́ rí ọta náà. “Joe,” bẹ́ẹ̀ ló ń pe Joseph tí bàbá mi ń jẹ́, “ta ló ra aṣọ tuntun fún ọta ẹ? O ti dolówó!”

“Ìyàwó mi ni. Ìwọ náà lọ wá ẹni tó máa ra tìẹ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ara bàbá mi yá gágá. Wọ́n yìnbọn ní abala kìíní, wọ́n yìn ní èkejì, orúkọ wọn ń gòkè lára pátákó èsì. Èmi wà lẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù, mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé bàbá mi nìyẹn. Nígbà tí abala ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, ibi tí wọ́n wà sì ti tó fún ẹgbẹ́ náà.

Ìbọn dún, gbòlà. Ó tún dún. Ìró tó tẹ̀ lé e kò jọ ti ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí ọmọrí ìkòkò bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi dúró.

“Yìn ín, Joe!” ni Róyì kígbe. “Àkókò ń lọ!”

“Dádì, ẹ yìn ín!” ni èmi náà pariwo.

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè. Ẹnu ìbọn kò kúrò ní ọ̀kánkán pátákó. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí rẹ̀. Òfin ìdíje náà ni pé ẹni tó bá gbé ìbọn sílẹ̀ kí abala tó parí, ọta tó kù kò ní wọ ìṣirò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Bàbá àgbàlagbà tó ń bójú tó pápá wá, ó kó ọta tó kù nínú ìbọn jáde, ó sì ti ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀pá náà dé agbede méjì, ó dúró. Ọta ti há sí ọ̀fun ìbọn. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Róyì ṣí fìlà.

“Ká ní ó yin òmíràn tẹ̀ lé e,” ni àgbàlagbà náà wí, “ìbọn náà ìbá fọ́ sí i lọ́wọ́.” Ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú pẹ́.

Nínú mọ́tò, lójú fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Kí lò ń sunkún fún?”

“Wọ́n ti nà wá.”

“Nà wá kẹ̀? Ìwọ yìnbọn ni?” Nígbà tí mi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára ìdarí mọ́tò, wọ́n nà án sí iwájú mi. “Wò ó dáadáa. Ọwọ́ yìí ni mo máa fi gba ẹni tó ń bọ̀ nílé wa.”

Nílé, bàbá mi ò fa ọ̀rọ̀ gùn. “Èmi ni mo ṣì í,” ni wọ́n sọ fún ìyá mi. “Mo rò pé bí ìwọ̀n bá ti dọ́gba, ìwà náà dọ́gba. Bàbà le ju òjé lọ. Ẹ̀tù yẹn kò lágbára tó lè tì í jáde.”

Ìyá mi jókòó. “Ẹ ò kúkú ní padà sídìí òjé yín?”

“Rárá. Ẹ̀tù ni mo máa tún wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ, a ti sọ ọ́.”

Wọ́n wọ ẹgbẹ́ náà nígbà tó yá, ọta oníbàbà ni wọ́n sì fi wọ̀ ọ́. Inú mi dùn, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi, òwúrọ̀ tí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀ ni.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí bàbá mi nígbà náà lọ. Iṣẹ́ ẹnjinníà ni mo ń ṣe ní Clear Lake, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń ní ká dúró ná. Àníkẹ́ ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèyàn ò lè ra àga wọlé kí ọkọ òun má kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wo ejò. Mo sin ín lọ́dún tó kọjá.

Nígbà tí àìsàn rẹ̀ dójú ẹ̀, dókítà ní ìtọ́jú kan ṣì kù tí a lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ ló dájú ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ká má ṣe jáwọ́. Mojí náà, pẹ̀lú omijé lójú, ní ká má ṣe jáwọ́. Àníkẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn, èmi ló ń wò. “Ilé ni mo fẹ́ lọ,” ló wí.

Ọmọ tó ń pariwo “ẹ yìn ín” ní pápá lọ́jọ́sí ò tíì kúrò nínú mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá yẹn, ó ń ní ká gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i. Mo sọ fún dókítà pé ó tó. Mo wọ bàtà fún ìyàwó mi, mo ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó jókòó sí dé ìdí mọ́tò, mo sì gbé e lọ sílé, níbi tó ti lo ọjọ́ tó kù fún un láìsí abẹ́rẹ́ lápá, tó ń bá àwọn ọmọ wa jà lórí ẹni tí yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ ní pápá lọ́jọ́ yẹn kò lè ṣe ohun tí mo ṣe yìí. Ó ń dùn mí títí di àárọ̀ yìí, ó sì ń wú mi lórí.