Ọjọ́ Tí Sẹ́nétọ̀ Sọ Ìtàn Mi Nílé Ìgbìmọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo jókòó lókè gbọ̀ngàn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá, tí obìnrin kan dìde nísàlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ayé mi fún àwọn tí kò mọ̀ mí rí. Sẹ́nétọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni. Kò dárúkọ mi. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní etí ọ̀sà nípìnlẹ̀ òun, tó lúwẹ̀ẹ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì gba ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ń mi orí. Ẹnìkan ń sùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kọjú sí mi lọ́rùn, mo sì ń rò ó pé ó yẹ kí n ti mú súwẹ́tà dání. Ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ohun tó dùn mí jù láyé.

Òde-Omi ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí Ìwopín àti àwọn abúlé tó wà létí ọ̀sà, kò sì sí ọmọ ládùúgbò wa tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi gba ife ẹ̀yẹ títí mo fi wọ yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè. Níbẹ̀ ni olùkọ́ni kan ti rí mi, ọmọ Àtìkórí n'Íjẹ̀bú-Igbó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè kódà bí a bá pẹ́ dé. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kó wa sínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan lọ sí etí ọ̀sà, a ó wà nínú omi títí awọ ìka wa yóò fi hun jọ. Mo gbà pé ayé ti di tèmi nígbà náà. Mo máa ń dúró síwájú dígí nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí màá máa kọ́ bí n ó ṣe dá àwọn oníròyìn lóhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì inú imú. Kò sí oníròyìn kankan tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje láti fi yan àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wa, èmi ni mo gba ipò kìíní. Olùkọ́ni dì mọ́ mi pẹ̀lú omi lára mi, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn tí wọ́n mú, wọn kò pè mí. Ọmọbìnrin tí mo fi sẹ́yìn ni wọ́n pè, ọmọ ọ̀rẹ́ alága ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Alága náà fúnra rẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ti bá àwọn kan ṣe ìpolongo ìbò, ipò tó ń fẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n bá fi ipò alága ẹgbẹ́ wa tù ú nínú. Olùkọ́ni lọ bá a. Nígbà tó padà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń yọ amọ̀ lára bàtà rẹ̀.

"Wọ́n ní orúkọ ti jáde."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe ipò kìíní, sà?"

"Wọ́n mọ̀."

Nítorí pé kò yéé béèrè, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kó ẹnikẹ́ni wá sí ìdíje wọn mọ́. Ó padà sí Àtìkórí, ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó bàbá rẹ̀. Èmi kò sunkún. Mo kàn fi ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ kan kò wù mọ́. Bí mo bá lọ sílé, màá jókòó sétí omi, kò ní ṣe mí bíi kí n wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán, mo rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ náà n'Íjẹ̀bú-Igbó. Pírínsípà ni tẹ́lẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àbádòfin nípa bí wọ́n ṣe ń yan àwọn olórí eré ìdárayá, ó sì ní kí n wá àpẹẹrẹ fún òun. Mo sọ ti ara mi fún un bí ẹni ń ròyìn aládùúgbò. Ó wò mí títí, kò béèrè ẹni tó jẹ́. A jọ tò ó pọ̀. Lọ́jọ́ náà l'Ábùjá, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ipò wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bùn," ó wí. "Ẹ kéde wọn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá tó o wá. Kí àwọn tí kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni yan èyí tó dára jù." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé àbádòfin náà fún ìgbìmọ̀ kan, ibẹ̀ ló sì sùn sí.

Kò pẹ́ sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fẹ́ dá ìgbìmọ̀ eré ìdárayá sílẹ̀, tí yóò máa ṣètò ìdíje, tí yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn eléré àti olùkọ́ni. Wọ́n ní kí Màmá mú ẹnìkan wá láti agbègbè wa. Ó pè mí wọ inú ọ́fíìsì.

"Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ìyá mi ti gbọ́ kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ará Òde-Omi sì ti ń kí i kú oríire. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi gbìyànjú láti yọ̀. Níkẹyìn mo padà lọ bá sẹ́nétọ̀ ní ọ́fíìsì.

"Màmá, ṣé a ò ní kéde ipò yẹn?"

"Kéde kí ni? Ta ló tún tó o jù ọ́ lọ?"

"N ò mọ̀, mà. Kò tíì sí ẹni tó béèrè."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ l'Ábùjá ni mò ń rò."

Ó gbé awò ojú náà wọ̀ padà, ó sì ṣí fáìlì mìíràn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ipò náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ agbègbè wa. Àwọn tí kò bá a tan ni Màmá pè láti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Èmi náà lọ, mo sì ṣe dáadáa. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Íjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n mú, Alhaja kan tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ó sàn jù mí lọ. Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kò bá mi wí. Ó kàn ń bá ẹja tó ń yan lọ. Nígbà tí mo dé Àtìkórí láti sọ fún olùkọ́ni, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò gbà á?" ó béèrè. "Ọwọ́ rẹ ni ẹjọ́ mi ì bá bọ́ sí."

Ó fún mi ní ọsàn, mo sì wọ ọkọ̀ padà. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Alhaja náà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ìdíje láti yan eléré ní ìpínlẹ̀ wa ti di gbangba, ẹni tó bá borí ni wọ́n ń mú lójú gbogbo ayé. Owó kì í sí fún ohun tó kù. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí nílé ẹ̀kọ́ kan n'Íwopín. Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Màmá níbi ìkórè ìjọ wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Nínú gbogbo àwọn tó wà l'Ábùjá lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ìwọ nìkan lo gbọ́ ohun tí mo sọ. Èmi gan-an ò gbọ́ ọ."

Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo bá a wá àga, mo sì dúró tì í títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé. Láti ìgbà náà, mo máa ń wá inú ara mi wò bóyá ipò tí mo pàdánù náà dùn mí ni, tàbí inú mi dùn. N kò tíì rí èyíkéyìí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè mí sínú ọ́fíìsì yẹn lónìí, ìbéèrè kan náà ni n ó bi wọ́n.